Sàmósà Ọjọ́ Iléyá

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣì ń gun orí àpótí kí ọwọ́ mi tó tó orí tábìlì, kò sí ọmọ kan ní gbogbo abúlé wa lẹ́yìn Moniya tó mọ sàmósà dì bí èmi. Kí n má purọ́, kò sí àgbà tó mọ̀ ọ́n dì bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti ń fi fìlà bo ewú mọ́lẹ̀, ẹ ó rántí pé nígbà yẹn, àkàrà, mọ́sà àti dòdò ni ohun tí à ń dín. Ẹni tó bá jẹ búrẹ́dì oní-sadíìnì, ó ti rí ọ̀làjú. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, oúnjẹ àwọn ará Íńdíà là ń jẹ. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ojú kì í sì í tì mí láti sọ ọ́, torí àwọn tó kàwé dé yunifásítì ló ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi lónìí kí wọ́n lè ra ohun tí ọwọ́ mi ṣe.

Bí oúnjẹ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyí. Màámi ń dáná fún obìnrin ará Íńdíà kan tí gbogbo wa ń pè ní Màdáámù. Irúgbìn ni ọkọ Màdáámù ń ṣèwádìí lé lórí. Inú ọgbà ńlá kan tí wọ́n fi wáyà yí ká ni wọ́n ń gbé, ọgbà tí koríko rẹ̀ máa ń gún régé bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ bábà dé. Kí ìrì tó gbẹ láàárọ̀, màámi á ti fẹsẹ̀ rìn dé títì lọ wọ mọ́tò. Bí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́, òórùn ara aṣọ wọn kì í jọ ti ìyá ẹnikẹ́ni lábúlé. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní kúmínì ló ń rùn bẹ́ẹ̀, hóró wẹ́wẹ́ kan báyìí, tó rí bí ìdọ̀tí inú ìrẹsì. Màdáámù bu díẹ̀ fún màámi sínú ìgò kékeré onídérí pupa. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ní ó ń rùn bí abíyá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Síbẹ̀, tí màámi bá ti ń yan án nínú páànù gbígbẹ, Ìyá Àgbà á rọra máa fa àpótí wọn sún mọ́ ẹnu ọ̀nà kíṣínì.

Ọjọ́ Àìkú tí màámi kì í lọ síbi iṣẹ́ la máa ń ṣe é. Èmi ni mo ń pọn omi, Sìdí àbúrò mi ló ń bó kárọ́ọ̀tì. Màámi á fi òróró àti iyọ̀ díẹ̀ ra fùláwà títí tí á fi rí bí gàrí tí omi ta sí, wọ́n á wá máa bu omi tútù sí i ní díẹ̀díẹ̀, wọ́n á pò ó, wọ́n á fẹ̀ṣẹ́ gún un mọ́lẹ̀ bí ẹni tó jẹ wọ́n níyà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi aṣọ tútù bò ó, wọ́n á ní kó sinmi. Bí èmi tàbí Sìdí bá fọwọ́ kan aṣọ yẹn kó tó tó àkókò, ó di kí onítọ̀hún fi ìka kan ilẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, títí ọ̀dùnkún òyìnbó tó wà lórí iná á fi jinná. Mo fi ìka kan ilẹ̀ débi pé mo mọ gbogbo èèrà inú kíṣínì wa lójú.

Ọ̀dùnkún òyìnbó yẹn la máa ń fọ́ sí inú rẹ̀. Bí kò bá sí, iṣu la ó fi rọ́pò. A ó gé kárọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́, a ó fi ẹ̀wà tútù, àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti ata rodo sí i, kúmínì á wá kẹ́yìn. Kò léran, kò lẹ́ja, edé pàápàá kò sí níbẹ̀. Ìgò mínírà tó ti ṣófo la fi ń yí fùláwà náà lórí pákó títí á fi fẹ́lẹ́. Màámi á gé e róbótó, wọ́n á pín in sí méjì. Ibẹ̀ ni ọwọ́ èmi ọ̀gá ti ń wọ̀ ọ́. Màá ká ìlàjì náà bí bébà tí wọ́n fi ń ta ẹ̀pà, màá rọ ewébẹ̀ sí i, màá fi fùláwà tí a pò mọ́mi pa etí rẹ̀, màá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ pa. Tí etí rẹ̀ kò bá dé, tó bá ti balẹ̀ sínú òróró báyìí, yóò là, ewébẹ̀ á fọ́n káàkiri, òróró á dúdú. Ti Sìdí máa ń là. Ti màámi náà máa ń là lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tèmi kò là rí. Ẹ tún un kà: kò là rí. Màámi máa ń sọ pé, "Ohun tí Múfú bá ti pa lẹ́nu dé, àfi kéèyàn ya á kó tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀." Màá wá máa yan kiri àgbàlá bí àkùkọ.

Kì í ṣe eré náà ni fún wa. Oko ẹ̀gẹ́ ni bàbá wa ń dá ní ọ̀nà Akínyẹlé. Oko yẹn ń bọ́ wa, ṣùgbọ́n ẹnu ni agbára rẹ̀ mọ. Ìwé tí èmi àti Sìdí ń kà, ọwọ́ màámi ló ti ń jáde, láti inú kíṣínì Màdáámù. Ọdún tí mo wà ní ìwé mẹ́fà, màámi ti lọ béèrè ohun gbogbo tí mo máa lò ní ilé ìwé girama ní Moniya. Wọ́n ti ra àpótí onírin kan sílẹ̀, wọ́n gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé àwọn olè ti gbọ́.

Iléyá ọdún yẹn ni Màdáámù ní àwọn máa wá kí wa nílé. Ẹ ò rí i bí ilé wa ṣe dàrú! Bàbá wa fi ẹfun kun iwájú ilé. Wọ́n yá àga onítìmùtìmù kan lọ́dọ̀ àlùfáà. Màámi pe èmi àti Sìdí, wọ́n ní, "Màdáámù kì í jẹ ẹran o. Mo mọ̀ pé ẹran ló máa kún ilé lọ́jọ́ náà. Ewébẹ̀ nìkan la máa fi sínú sàmósà tiwọn. Ṣé ẹ gbọ́?"

A ní a gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, irú gbígbọ́ wo ni ọmọ ilé wa lè gbọ́ ọ? Nílé wa, kò sí àlejò tó kọ́kọ́ ń sọ òótọ́ nídìí oúnjẹ. Àlùfáà tó ni àga yẹn, tí wọ́n bá gbé iyán síwájú wọn, wọ́n á ní, "Háà, mo ti yó pátápátá." Ìyá Àgbà á ní, "Ẹ kàn fi tọ́ ẹnu wò." Àlùfáà á tọ́ ọ wò títí wọ́n á fi máa fi ìka nu àwo. Bí mo ṣe gbọ́ ti Màdáámù náà nìyẹn. Mo ní ìtìjú àlejò ló ń ṣe wọ́n. Ká ní màámi ti lo ọ̀rọ̀ náà "èèwọ̀" ni, mi ò bá ti sá fún un bí ẹni sá fún ejò, torí ta ni kò mọ èèwọ̀ nínú wa? Wọ́n kàn ní wọn kì í jẹ ẹ́ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá, bí a ṣe ń ti yídì bọ̀, Ràfíù ọmọ ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà, níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ wa.

"Múfú! Wọ́n ní ewé ni ìyá ẹ fẹ́ fún òyìnbó Íńdíà jẹ lónìí. Ẹ kúkú so ó mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbò yín!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí tí fìlà ẹlòmíràn fi bọ́ sílẹ̀. Mo gbá Ràfíù létí, ó fa agbádá kékeré ọrùn mi ya, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nínú mi. Nígbà tí mo délé, tí wọ́n ti pa àgbò, tí ẹran ti ń ta sọ̀ọ̀ nínú òróró lórí àdògán, mo bá Ìyá Àgbà níbi tí wọ́n jókòó tì í, tí wọ́n ń kùn.

"Ẹni tó ń gbọ́ bùkátà yín, ewébẹ̀ lẹ fẹ́ gbé síwájú wọn lọ́jọ́ Iléyá? Àlejò tó bá kúrò nílé yìí lónìí láì fẹnu kan ẹran, ẹ̀gàn wa ni."

Ìyá Àgbà kò rán mi níṣẹ́ o. Kí n sọ òótọ́. Wọ́n kàn ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni.

Màámi ti po ewébẹ̀ sínú abọ́, wọ́n ti gé fùláwà sílẹ̀, wọ́n ní kí n máa dì í bọ̀ kí àwọn lọ wẹ̀. Mo mú ẹran dídín méjì nínú agbọ̀n. Mo gbé wọn sórí pákó, mo fi ọ̀bẹ gé wọn, mo tún wọn gé, títí wọ́n fi rí bí ẹ̀rún àlùbọ́sà, mo dà wọ́n sínú ewébẹ̀, mo rò ó pọ̀. Sìdí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ya ẹnu.

"Bọ̀dá Múfú, màámi ní kò gbọdọ̀ léran."

"Pa ẹnu ẹ dé. Láàárín èmi àti ìwọ, ta ló mọ̀ ọ́n ṣe?"

Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Títí dòní, kò tíì là á fún ẹnikẹ́ni.

Mi ò dì í dáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Àwọn igun rẹ̀ mú bí ẹnu abẹ́rẹ́. Màámi ti ìdí omi dé, wọ́n dín in lórí iná jẹ́jẹ́ títí tí gbogbo rẹ̀ fi pọ́n bákan náà. Kò sí ọ̀kankan tó là. Ká ní ọ̀kan là ni, màámi ì bá rí ẹran. Ẹ wo bí nǹkan tí mo fi ń yangàn ṣe dá mi lẹ́jọ́.

Ọ̀sán ni Màdáámù dé, aṣọ wọn aláwọ̀ ewé ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n kó súìtì wá fún àwa ọmọdé. Bàbá tó ń wa mọ́tò fún wọn, ará Ọlọ́runṣògo nígboro, jókòó sórí bẹ́ńṣì. Màámi gbé àwo náà wá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Màdáámù jẹ ọ̀kan tán, wọ́n mi orí, wọ́n sọ ìwọ̀nba Yorùbá tí wọ́n mọ̀: "Ó dáa. Ó dáa gan-an." Màámi nawọ́ sí mi, wọ́n ní, "Múfú ló dì í." Mo yọ àyà síta. Ràfíù wà lójú fèrèsé, ó ń wò, mo sì wojú rẹ̀ dáadáa.

Màdáámù mú èkejì. Wọ́n gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rún un, wọ́n dúró. Wọ́n fi ìka méjì fa nǹkan kan jáde láàárín eyín, wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wò ó. Fọ́nrán ẹran ni. Wọ́n gbójú sókè sí màámi. Kì í ṣe ojú ìbínú. Ojú ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún ni.

"Ìyá Múfú. Ẹran?"

Màámi gba àwo náà, wọ́n ya ọ̀kan. Mo rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe fà lójú wọn. Màdáámù ti dìde, wọ́n ti bọ́ sẹ́yìn ilé nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bì. Bàbá dírẹ́bà sáré gbé kẹ́tùlù omi tẹ̀ lé wọn.

Ìyá Àgbà ní, "Kí ló dé? Ẹran náà lẹ torí rẹ̀ ń dààmú báyìí? Ṣé òkú ẹran ni?"

Bàbá dírẹ́bà padà wá bu omi sí i, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, èèwọ̀ wọn ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn, ẹran ò kan ẹnu wọn rí, bẹ́ẹ̀ ni ìyá wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó bí ìyá wọn. Bí ìgbà tí ẹnìkan fi ẹlẹ́dẹ̀ sínú ọbẹ̀ fún ẹ̀yin ni."

"Ẹlẹ́dẹ̀? Astagfirulláà!" Ìyá Àgbà jókòó lójijì bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí Màdáámù yọ, tí ojú wọn pọ́n, màámi ti wà lórí eékún méjèèjì nínú aṣọ ọdún wọn. "Màdáámù, èmi ni. Ọwọ́ mi ló ṣì. Ẹ forí jì mí, èmi ni mo ṣì í ṣe."

Mo wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi tó ń rùn ẹran wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Ó yẹ kí n sọ pé èmi ni. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ahọ́n, mo fẹ́ sọ ọ́, mo wo Ràfíù lójú fèrèsé, ẹnu mi kò là. Màámi kò wo apá ọ̀dọ̀ mi rárá. Màdáámù fọwọ́ kan èjìká wọn, wọ́n wọ mọ́tò, mọ́tò lọ.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá náà, màámi padà síbi iṣẹ́. Kò tí ì tó ọ̀sán tí wọ́n fi padà dé, wọ́n gbé épírọ́ọ̀nù wọn lọ́wọ́ nínú ọ̀rá. Bàbá dírẹ́bà tó fi mọ́tò gbé wọn wá sọ fún bàbá wa pé Màdáámù kò bínú, pé wọ́n ń sunkún ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní oúnjẹ ọwọ́ màámi kò ní lè gba ọ̀nà ọ̀fun àwọn mọ́, pé wọ́n gbìyànjú rẹ̀, kò lọ.

Èmi ń retí ẹgba. Ẹ ò mọ màámi. Wọ́n nà mí torí omi tí mo dànù, wọ́n nà mí torí táyà tí mo ń yí kọjá iwájú àwọn àgbà láì kí wọn, wọ́n nà mí torí súgà ìwọ̀nba ìka kan. Mo dúró de ti ọjọ́ yẹn, kò dé. Lọ́jọ́ kejì kò dé, lọ́sẹ̀ kejì kò dé. Gbogbo ìyà tí mo jẹ ní kékeré ti di ẹ̀rín lẹ́nu mi lónìí. Èyí tí n kò jẹ yìí nìkan ló ṣì ń dùn mí.

Màámi lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Omi ẹ̀gẹ́ jẹ ọwọ́ tó ń yí fùláwà fẹ́lẹ́ yẹn, àwọn ìka náà sán. Àpótí onírin di ibi tí wọ́n ń kó aṣọ Sìdí sí. Mo ṣe ìwé mẹ́fà tán, mo tẹ̀ lé bàbá wa lọ sóko. Wọn ò dín sàmósà nílé wa mọ́. Ìgò kúmínì wà lórí pẹpẹ títí òórùn rẹ̀ fi kú, Ìyá Àgbà náà sì kú kí òórùn ọ̀hún tó tán pátápátá.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣàánú mi jù. Mo dàgbà, mo lọ kọ́ṣẹ́ dídín ìpápánu nígboro, ẹni tí mo ń kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí bí mo ṣe pa etí sàmósà, ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" Ṣé ẹ wá rí i? Láti Moniya títí dé Akínyẹlé, ẹ béèrè Múfú Oní-sàmósà, ọmọdé á mú yín délé.

Nígbà tí àìsàn dá màámi dùbúlẹ̀, tí wọn kì í jẹ ju ṣíbí ẹ̀kọ méjì lọ, wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, "Múfú, sàmósà ń wù mí." Mo lé àwọn ọmọṣẹ́ mi jáde ní kíṣínì. Èmi fúnra mi ni mo pò ó, mo fi ìgò yí i, mo gbé e lọ́wọ́ méjèèjì lọ bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Mẹ́ta ni. Àwọn igun rẹ̀ mú.

Màámi mú ọ̀kan. Wọ́n rọra ya á sí méjì, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n wo inú rẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jẹ ìlàjì kan.

Mo ní, "Màámi, lọ́jọ́ Iléyá yẹn..."

Wọ́n na ìlàjì kejì sí mi. "Jẹun, Múfú."

Mo jẹ ẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà tí a gbé wọn sin.

Lóde òní, wọ́n ti ń ta fùláwà rẹ̀ tí wọ́n ti gé tán, tó dì bí yìnyín. Kò sí ọmọ tó ń fi ìka kan ilẹ̀ ní kíṣínì, àwọn ọmọ tèmi kò tilẹ̀ mọ ìgò tí a fi ń yí i. Ìkòkò òróró méjì ni mo ní, ọ̀kan fún ẹlẹ́ran, ọ̀kan fún aláìléran, ọ̀bẹ wọn kò pa pọ̀, pákó wọn kò pa pọ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ọ̀gá ti ń dàgbà jù. Bí oníbàárà bá ní òun kì í jẹ nǹkan kan, mi kì í rọ̀ ọ́ pé kó tọ́ ọ wò. Àwọn ènìyàn ń ra á, wọ́n ń sọ ọ́ sẹ́nu lódidi, wọ́n fọkàn tán ọwọ́ mi débi pé kò sẹ́ni tó ń wo inú rẹ̀. Orí mi máa ń wú. Orí mi á wú báyìí, màá sì rántí pé ẹni tó kọ́ ọwọ́ yìí níṣẹ́, àwọn nìkan ni wọ́n ya á wò kí wọ́n tó jẹ ẹ́.